Kí A Tó Lè Pe Aláǹtakùn Kan Ní Tuntun

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé inú ihò gan-an ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ aláǹtakùn ihò wà: òkùnkùn, àdán, omi tó ń kán láti orí àpáta, kí okùn má lọ já mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Wàhálà ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò sì ní bu iṣẹ́ àwọn tó ń wọ ibẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ya àwòrán aláǹtakùn fún àwọn onímọ̀, níbi tí mo jókòó sí nílé mi ní Ẹ̀pẹ́, ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá gbé aláǹtakùn àjèjì jáde láti inú ihò kò tíì rí nǹkan tuntun. Aláǹtakùn ló rí. Bóyá ó jẹ́ tuntun, orí tábìlì ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n, láàárín ìwé àtijọ́ àti ìgò àtijọ́, ó sì lè gba ọdún méjìlá.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mí tẹ́lẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwòrán ni mo fi ń gba ọkàn àwọn ọmọ: tí mo bá ti mú ṣọ́ọ̀kì, kíláàsì á pa rọ́rọ́. Ẹnì kan tó ń ṣe ìwádìí lókè òkun ló rí àwòrán kòkòrò tí mo gbé sórí Facebook, ó bi mí bóyá mo lè ya ẹsẹ̀ aláǹtakùn kan fún òun pẹ̀lú gbogbo irun orí rẹ̀. Mo ní mo lè yà á. Àtìgbà náà ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Wọn kì í fi aláǹtakùn fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò ni. Maikirosíkóòpù kì í lè rí òkè àti ìsàlẹ̀ nǹkan kedere lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà wọ́n á ya fọ́tò lọ́pọ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan tó mọ́ gaara. Èyí ni mo máa ń gbé síwájú, tí mo sì ń tọ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbójú lé, ẹ̀yin náà mọ̀. Ínfátà ló ń gbà mí. Owó tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò sì pọ̀. Ẹnì kan wà tó gba àwòrán lọ́wọ́ mi tí mi ò rí kọ́bọ̀ rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ.

Aláǹtakùn ihò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ló ti wá. Mo ṣí fọ́tò náà, mo sì jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kò ní àwọ̀ kan tí mo lè tọ́ka sí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ náà gùn ju bó ṣe yẹ kí irú ara bẹ́ẹ̀ gbé lọ. Àwọn irun kan wà lórí rẹ̀ tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n tínrín débi pé nínú fọ́tò mìíràn wọn kì í hàn rárá, àwọn yẹn gan-an ni aláǹtakùn fi ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ mì, pé nǹkan kan ń kọjá lọ nítòsí. Mo wá gbé ojú lọ sí iwájú orí rẹ̀, níbi tí ojú yẹ kó wà. Ibẹ̀ tẹ́jú, ó ń dán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ojú mẹ́jọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú aláǹtakùn ní. Àwọn ìdílé kan ní mẹ́fà. Ẹ wá wo ìṣòro tó dé bá ayàwòrán. Bí mo bá ya orí tó ṣófo, ẹni tó bá wò ó lè sọ pé mo gbàgbé ojú ni. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ní kí n ya orí yẹn láti iwájú, kí n tún yà á láti òkè, kí n fi gbogbo irun wẹ́wẹ́ tó wà ní àyíká ibẹ̀ sí àyè wọn gẹ́lẹ́, kí n sì fi ìlà ìwọ̀n sí abẹ́ rẹ̀. Tí irun kọ̀ọ̀kan bá wà ní àyè tirẹ̀, tí ìlà ibi tí orí ti pàdé ẹnu bá hàn, òfìfo àárín wọn á di ohun tí ènìyàn fojú rí. Láti fi hàn pé nǹkan kò sí, àfi kí ènìyàn ya gbogbo ohun tó wà yí i ká, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Irun orí yẹn gba àkókò ju gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ, mi ò sì kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú àkókò náà.

Nígbà tí mo fi àwòrán náà han ọkọ mi, ó ní, "Kò lójú, kò ní àwọ̀, inú ihò ló ń gbé. Kí ló tún kù? Tuntun ni." Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún ẹranko kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ihò kan sí òmíràn. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, ẹranko tí wọ́n bí tí ojú rẹ̀ kò dáa kò pàdánù ohunkóhun. Kò sí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ríran fi sàn jù ú. Ojú pàápàá ń jẹ nínú oúnjẹ ara, oúnjẹ inú ihò kò sì pọ̀. Ìran á máa rọ́pò ìran, ojú á máa kéré sí i, àwọ̀ á máa ṣí, ẹsẹ̀ á máa gùn, nítorí fífọwọ́bà ló kù tí ẹranko fi ń mọ̀nà. Aláǹtakùn, ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn, ẹja, gbogbo wọn ni òkùnkùn ń sọ di irú kan náà, láìjẹ́ pé wọ́n bára wọn tan. Ní erékùṣù Kauaʻi ní Hawaii, aláǹtakùn kan wà nínú ihò òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde, tí Gertsch, onímọ̀ aláǹtakùn ará Amẹ́ríkà, sọ ní Adelocosa anops ní ọdún 1973. Ìdílé tó ti wá jẹ́ ti àwọn ọdẹ aláǹtakùn tó jẹ́ pé ojú ńláńlá ni ènìyàn fi ń dá wọn mọ̀. Òun kò ní ẹyọ kan. Ní Laos náà, Peter Jäger ará Jámánì gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2012 tó fi sọ Sinopoda scurion lórúkọ, ara rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12, bó bá sì na ẹsẹ̀ ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ìdílé ńlá tirẹ̀ tí kò ní ojú kankan. Àmọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ wà nínú ihò ibòmíràn tí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wọn pé, àwọn kan sì wà tí ojú tiwọn ti sún kì. Ẹni tó bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rí ọ̀nà tí ojú gbà lọ.

Èyí tó tún da ọ̀rọ̀ rú pátápátá ni ti Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń wọ ihò fún ìgbádùn ara wọn rí aláǹtakùn kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní ọdún 2010, wọ́n gbé e fún àwọn onímọ̀, nígbà tó di 2012 wọ́n sọ ọ́ ní Trogloraptor marchingtoni. Ojú rẹ̀ ń bẹ, mẹ́fà. Àwọ̀ rẹ̀ ń bẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Síbẹ̀ ó yàtọ̀ débi pé kò sí ìdílé aláǹtakùn kan tó gbà á, àfi ìgbà tí wọ́n dá ìdílé sílẹ̀ fún un. Èékánná ìkẹyìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ó ṣe gùn, ó dájú pé ohun tó ń mú nǹkan ni. Kí ló ń mú? Èyí tí wọ́n gbé lọ sí yàrá ìwádìí kọ oúnjẹ tí wọ́n fún un. Ẹ wá rí i: aláìlójú lè máà jẹ́ tuntun, olójú mẹ́fà sì lè jẹ́ tuntun ju gbogbo wọn lọ.

Níbo wá ni wọ́n ń wò? Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ojú ara ni.

Ọwọ́ kékeré méjì wà níwájú ẹsẹ̀ mẹ́jọ aláǹtakùn. Ní ti akọ tó ti dàgbà, orí ọwọ́ náà wú, inú rẹ̀ ló ń gbé àtọ̀ sí lọ bá abo. Inú wíwú yẹn ni èmi ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò mi: ìkọ́ wà níbẹ̀, nǹkan líle tó ṣẹ́rí padà wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kan tó tínrín ju irun lọ tó ká ara rẹ̀ po wà níbẹ̀, àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé abẹ́rẹ́ náà dání. Bí wọ́n ṣe tò yàtọ̀ láti irú kan sí òmíràn. Abẹ́rẹ́ tó ká lẹ́ẹ̀kan àti èyí tó ká lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ lè jẹ́ irú méjì tí kò lè bímọ pọ̀. Ní ti abo, wọ́n á gé ibi tó bá a mu lábẹ́ ikùn rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú nǹkan tó ń mú ẹran ara mọ́ gaara, kí ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ nínú rẹ̀ lè hàn. Òróró kànáfùrù wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Kànáfùrù tí a ń fi sí ẹnu tí eyín bá ń dunni, òun náà ló wà lórí tábìlì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n aláǹtakùn. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, mi ò mọ ìdí.

Ọmọ aláǹtakùn tí kò tíì bọ́ awọ ìkẹyìn kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ènìyàn lè fi ọjọ́ gbọọrọ wọ́ nínú ihò, kó rí àwọn ọmọ aláǹtakùn aláìlójú lọ súà, kó sì padà sílé láìlè sọ irú tí wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wá dé ẹnu ọ̀nà ilé mi nípasẹ̀ bàbá tó ń gbẹ́ kànga ládùúgbò wa. Kò sí ihò àpáta ní Ẹ̀pẹ́. Iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ wa láti ìhín títí dé etí ọ̀sà, kò sí òkúta tí omi máa gbẹ́ di yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ rí àpáta, àfi kó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta tàbí Ìdànrè lọ. (Òlúmọ pàápàá, a mọ ìtàn àwọn tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà ogun. Kí ló ń gbé abẹ́ àpáta náà kí wọ́n tó débẹ̀? Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rí.) Òkùnkùn tí àwa ní kò ju kànga, ṣalángá àti abẹ́ gọ́tà lọ, ṣùgbọ́n òkùnkùn náà ni, nǹkan sì ń gbé inú rẹ̀.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, amọ̀ pupa ṣì wà ní gbogbo apá rẹ̀. Ìgò máyọ́nnísì kan ló gbé dání.

"Ìyá Ìbejì, wọ́n ní aláǹtakùn ni ẹ ń yà tí òyìnbó ń sanwó. Mo ti bá yín rí ọ̀kan tí ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Ó funfun báláú. Kò lójú."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ ṣeun. Níbo lẹ ti rí i?"

"Inú kànga."

"Kànga wo, sà?"

Ó yí ojú padà wò mí. "Kànga náà ni. Àwọn tí mo fọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Mo gbé ìgò náà sábẹ́ iná. Aláǹtakùn inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọ́n so rọ̀ mọ́ òwú tí wọ́n ti ta káàkiri, ẹsẹ̀ wọn gùn, ó tínrín. Mo fi èékánná kan ìgò náà, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń yí lójú kan débi pé ènìyàn kò rí ara wọn mọ́. Bàbá sún sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń da ojú ọ̀tá rú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo rí èyí tí Bàbá ń sọ. Ó funfun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ wà, ó ṣì so mọ́ òwú, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ awọ náà pé, bí aláǹtakùn kejì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ nínú wọn máa ń funfun, á pẹ́ díẹ̀ kí awọ tuntun tó le, kí àwọ̀ tó wọ̀ ọ́. Mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù kékeré tí mo ní. Ojú ń bẹ níbẹ̀: méjì kéékèèké láàárín, mẹ́ta tó fún pọ̀ lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Mo ní kí Bàbá wá wò ó. Ó wò ó títí.

"Ojú mẹ́jọ," ó ní, "ìyẹn ni wọn ò fi jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ wọn."

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ abo tó ti dàgbà. Ó fi ẹnu gbé ẹyin rẹ̀ dání, ẹyin tó rọ̀ṣọ̀, tí òwú díẹ̀ so pọ̀, kò sì jẹ́ kó bọ́ bí gbogbo ìgò ṣe ń mì. Ẹ̀yìn ikùn rẹ̀ yọ sókè ṣóńṣó. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, funfun sì tẹ̀lé e. Mi ò nílò kí n gé nǹkan kan kí n tó fura sí irú ẹni tó jẹ́, síbẹ̀ akọ kan wà nínú wọn, mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó wà nínú ìwé. Crossopriza lyoni ni. Blackwall, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1867, láti ara èyí tí wọ́n rí ní Íńdíà. Ó ti bá èrò tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru. Ó ṣeé ṣe kó wà ní igun yàrá ẹni tó ń ka èyí.

Bàbá kò fara mọ́ ọn. "Ṣé ará Íńdíà yẹn mọ̀ pé ó wà ní kànga Ẹ̀pẹ́ ni? Èmi ni mo rí tibí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, àní nǹkan wà nínú rẹ̀. Pé wọ́n rí irú kan níbi tí wọn kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ rí, ìròyìn ni, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n kì í sọ aláǹtakùn di tuntun.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, àkísà gan-an ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kò sí irú èyí rí gbọ́dọ̀ ti wo gbogbo èyí tó ti wà. Orúkọ aláǹtakùn sì pẹ́ ju ti ẹranko yòókù lọ: ìwé tí Linnaeus, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, gbé jáde ní 1758 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo ẹranko, àfi aláǹtakùn, tí wọ́n gba ìwé Carl Clerck ará Sweden ti ọdún 1757 láyè, tí òfin sì ní kí á ka ìwé náà sí èyí tó jáde ní ọjọ́ kìíní ọdún 1758, kí orúkọ inú rẹ̀ lè ṣáájú. Láti ìgbà náà wá, onírúurú ènìyàn ti sọ aláǹtakùn lórúkọ ní èdè Látìn, Faransé, Jámánì, Rọ́ṣíà, Ṣáínà. Àwọn kan kọ ìlà mẹ́ta péré, wọn ò ya nǹkan kan. Àwọn kan sọ akọ ní orúkọ kan, wọ́n sọ abo rẹ̀ ní òmíràn. Bí ìwé kò bá ṣe àlàyé tó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá aláǹtakùn tí ẹni àtijọ́ náà rí lọ, níbi yòówù tí wọ́n bá fi í pamọ́ sí, nínú ọtí, nínú ìgò tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ohun tó mú nǹkan rọrùn lóde òní ni World Spider Catalog, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àdánidá ìlú Bern ní Switzerland ń tọ́jú. Gbogbo orúkọ aláǹtakùn wà níbẹ̀, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ sì lè ka àwọn ìwé àtijọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ń sọ ọ́ tẹnutẹnu fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó máa ń wá bá mi pé àwọn ò rí ìwé kà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni iye irú aláǹtakùn inú rẹ̀ pé 50,000. Guriurius minuano, aláǹtakùn kan tó máa ń fò, láti gúúsù Brazil, ló mú un pé. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àkísà nìyẹn, kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ tirẹ̀.

Mo ṣàlàyé díẹ̀ nínú èyí fún Bàbá. Ohun tó gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n ń fi orúkọ ènìyàn sọ aláǹtakùn. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni: Marchington tí wọ́n fi sọ ti Oregon, ọlọ́pàá ni, ó wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ihò, wọ́n fi "i" kún ìdí orúkọ rẹ̀ torí pé ọkùnrin ni, bó bá jẹ́ obìnrin ni, "ae" ni wọn ì bá fi sí i. Scurion ti Laos wá burú jù, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iná tí wọ́n ń dè mọ́ orí wọ ihò ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá lọ́lá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní iná orí tòun láti Alábà ni, wọn ò gbọdọ̀ gbàgbé. Mo sọ fún un pé ẹni tó kọ ìwé náà ló ń yan orúkọ, pé ẹni tó rí i lè máà rí nǹkan kan gbà, pé kò sì bójú mu kí ènìyàn fi orúkọ ara rẹ̀ sọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ nípa rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí yà á lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Orúkọ nìkan kò tó. Òfin ní kí òǹkọ̀wé yan aláǹtakùn kan pàtó tí orúkọ náà yóò dúró lé lórí títí ayé, kó sọ ilé tí wọ́n fi í pamọ́ sí, kó sì kọ ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá dé lọ́jọ́ iwájú, ìgò yẹn ni wọn yóò lọ ṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ya ẹyọ kan náà, tí mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ èyí kún ti èyí kí àwòrán lè dára. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti kán lára rẹ̀, ó kán náà nìyẹn, mo máa yà á ní kíkán.

Ohun tó wá dùn mí nínú ìgò máyọ́nnísì Bàbá ni "àwọn tí mo fọ̀ lọ́sẹ̀ yìí." Ká ní aláǹtakùn náà jẹ́ tuntun lóòótọ́ ńkọ́? Kànga mélòó la máa padà tú? Ìgbà yẹn ni mo sọ ìtàn Texas fún un. Ní ọdún 1980, wọ́n rí aláǹtakùn ihò kan, ẹyọ kan ṣoṣo, aláìlójú, nínú ihò kan ní ìlú San Antonio. Ọdún 1992 ni Gertsch tó kọ nípa rẹ̀, tó sọ ọ́ ní Cicurina venii. Kí ìwé tó jáde, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì ti di ẹnu ihò náà pa. Ní ọdún 2000 ìjọba Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé àwọn ẹranko tó fẹ́ parun, òfin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bò ó, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí òmíràn. Ó wá di 2012. Wọ́n ń ṣe ọ̀nà márosẹ̀ ní ìlú náà, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 15 dọ́là, òjò rọ̀, ihò kékeré kan là sílẹ̀ níbi iṣẹ́, aláǹtakùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó gé e wò níbi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun náà ni. Iṣẹ́ dúró. Katakátá pàápàá dúró.

"Nítorí aláǹtakùn?" Bàbá béèrè.

"Nítorí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1980 pé ibí ni mo ti rí i."

Ó mi orí. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni, wọn ì bá ti da kọnkéré lé òun àti aláǹtakùn lórí. Mi ò jiyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́lé láti Ìbẹjú bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, iyanrìn tí wọ́n ti dà sí ẹrẹ̀ àti igbó kì í ṣe kékeré, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀.

Ní tèmi, ohun tó yí padà nínú bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Mi ò gba iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lè fi àkọlé ara ìgò hàn mí: ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ tí wọ́n rí i, ẹni tó mú un, bí ó ti jìn sí ẹnu ihò tó. Ẹni tí kò bá ní ìyẹn, àwòrán rere kò lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn ará ilé tó ń bi mí bí wọ́n ṣe lè tọ́jú aláǹtakùn, mo máa ń sọ fún wọn pé ògógóró kò lè ṣe é dáadáa, pé ọtí tí agbára rẹ̀ tó ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni, èyí tó bá sì máa lọ fún àyẹ̀wò DNA gbọ́dọ̀ lé ní 95, kó sì wà níbi tó tutù. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ àkọlé, kí wọ́n fi bébà náà sínú ìgò. Bíírò á ṣí dànù nínú ọtí kí ọjọ́ tó lọ.

Bàbá tún gbé ìgò mìíràn wá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bá a fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí i: kànga ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, abẹ́ ríìngì kẹta láti òkè, ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú déètì rẹ̀ pípé. Àkọlé náà dára ju èyí tí mo máa ń rí gbà lọ́wọ́ àwọn kan tó ní oyè. Àwọn aláǹtakùn inú rẹ̀ ṣì kéré, kò sí akọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Mo kó wọn sínú ìgò ńlá lórí fèrèsé ilé ìdáná, àwọn ìbejì ń bá mi mú ẹ̀fọn sí i fún wọn ní alaalẹ́, kí wọ́n lè bọ́ awọ ìkẹyìn ká mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó dá mi lójú pé Crossopriza náà ni. Ṣùgbọ́n Bàbá ń yà wá béèrè, n ó sì dúró di ìgbà tí mo bá wo ọwọ́ akọ.